Yúróòpù kò ní ìwé òfin ìpìlẹ̀: kí ni wọ́n wá ń ṣèwádìí lé lórí ní Berlin?

Gbogbo ìgbà tí ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù bá sọ pé òun ò gba ìdájọ́ tó ti Luxembourg, níbi tí ilé ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù wà, wá, ariwo a sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan á ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìyẹn EU, ti fẹ́ tú ká. Àwọn mìíràn á ní orílẹ̀-èdè náà ló ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ó ṣẹlẹ̀ ní Póláǹdì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán nílẹ̀ títí di òní. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní kàyéfì ni pé àwọn onímọ̀ òfin ń pe ìjà yìí ní ìjà òfin ìpìlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ìwé kankan fún Yúróòpù lápapọ̀ tí wọ́n kọ "òfin ìpìlẹ̀" sí lẹ́yìn.

Ní Berlin, ilé ìwádìí kan wà ní Yunifásítì Humboldt tó jẹ́ pé òfin ìpìlẹ̀ Yúróòpù gan-an ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ibẹ̀ dára láti gbà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, torí ìbéèrè tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń bi ara wọn níbẹ̀ ni àwọn adájọ́ ń jà lé lórí: nígbà tí òfin Yúróòpù àti òfin orílẹ̀-èdè bá forí gbárí, ta ló ní àṣẹ ìkẹyìn?

Ilé ìwádìí wo nìyẹn, ta sì ni Walter Hallstein?

Walter Hallstein-Institut ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1997 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ òfin Humboldt, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ingolf Pernice ló sì kọ́kọ́ darí rẹ̀. Bebelplatz ni ẹ̀ka ìmọ̀ òfin náà wà, nínú ilé àtijọ́ tó jẹ́ ibi ìkówèésí àwọn ọba Prussia. Ojúde ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ̀lé Hitler ti dáná sun ìwé ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1933. Lónìí, wọ́n ti fi gíláàsì kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ojúde náà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀ á rí yàrá kan lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n to pẹpẹ ìwé funfun sí yíká, pẹpẹ tó lè gba nǹkan bíi 20,000 ìwé, láìsí ìwé ẹyọ kan lórí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń gbà kọjá lọ sí kíláàsì. Kò yẹ ká fojú fo èyí, nítorí òfin ìpìlẹ̀ Jámánì ti òde òní àti òfin Yúróòpù, inú ìparun tí àwọn tó jó ìwé yẹn fà ni wọ́n ti bí méjèèjì.

Hallstein tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìwádìí náà, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ni òun náà. Wọ́n bí i ní Mainz ní ọdún 1901, ó sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Rostock ní ọdún 1930. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà mú un lẹ́rú ogun ní ọdún 1944, wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ó sì ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní àtìmọ́lé ní ìmọ̀ òfin níbẹ̀. Nígbà tó padà sílé, ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Frankfurt. Láti ọdún 1958 sí 1967, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Kọmíṣọ̀n Yúróòpù, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó wá di EU. Ohun tó tẹnu mọ́ jù lọ ni pé ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè yìí kò ní ọmọ ogun, kò ní ọlọ́pàá, òfin nìkan ló so ó pọ̀, òfin nìkan ló sì lè fi ṣiṣẹ́. Charles de Gaulle, ààrẹ Faransé, kò fara mọ́ agbára tí Hallstein fẹ́ kó Kọmíṣọ̀n náà ní. Ní àárín ọdún 1965 ó pe àwọn aṣojú Faransé kúrò nípàdé, ìjókòó wọn sì ṣófo fún oṣù tó lé ní mẹ́fà. Ìjà lórí àṣẹ ìkẹyìn ti pẹ́ báyẹn.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ilé ìwádìí irú èyí kì í ṣe ohun tí kámẹ́rà ń lé kiri. Àwọn tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ń ka ìdájọ́ láti orí dé ìdí, wọ́n ń fi ti orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn, wọ́n ń kọ àbájáde wọn. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ inú kíláàsì máa ń bọ́ sí gbangba. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Joschka Fischer, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Jámánì nígbà náà, wá sọ̀rọ̀ ní Humboldt. Ó ní òun kò sọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bíi mínísítà. Ó ní kí Yúróòpù kúrò ní ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè, kó di ìjọba àpapọ̀ tó ní òfin ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá gbogbo àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e sílẹ̀.

Tí kò bá sí ìwé, ṣé òfin ìpìlẹ̀ lè wà?

Wọ́n gbìyànjú láti kọ ìwé náà. Valéry Giscard d'Estaing, ààrẹ Faransé tẹ́lẹ̀, ló darí àpérò tó kọ ọ́, àwọn olórí orílẹ̀-èdè sì fọwọ́ sí i ní Róòmù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2004. Wọ́n wá gbé e síwájú ará ìlú pé kí wọ́n dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2005, nǹkan bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní Faransé ní àwọn kò fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará Netherlands náà kọ̀ ọ́, tiwọn sì le ju ti Faransé lọ. Bí ìwé náà ṣe kú nìyẹn.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá a kú o. Àdéhùn Lisbon, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2007 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2009, kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọlé. Ohun tí wọ́n yọ kúrò ni orúkọ náà, ọ̀rọ̀ àsíá àti orin ẹgbẹ́, àti gbólóhùn kan báyìí tó ṣe pàtàkì ju gbogbo wọn lọ: èyí tó sọ ní kedere pé òfin Yúróòpù ló borí òfin orílẹ̀-èdè. Wọ́n gbé ìyẹn lọ sí ẹ̀yìn ìwé, sínú ìkéde tó ṣìkẹtàdínlógún nínú àwọn ìkéde tí wọ́n so mọ́ àdéhùn náà. Ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ náà nínú àdéhùn gan-an kò ní rí i. Àlàfo yìí wúlò fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ jiyàn.

Kí wá ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ́? Èrò Pernice ni pé kò dìgbà tí ìwé kan ṣoṣo bá wà. Òfin ìpìlẹ̀ Jámánì, ti Ítálì, ti Sípéènì àti àwọn yòókù, pẹ̀lú àdéhùn Yúróòpù, para pọ̀ di ètò kan ṣoṣo, ará ìlú kan náà ló sì wà lábẹ́ gbogbo wọn. Ó dà bí agboolé tí ojúlé kọ̀ọ̀kan ní baálé tirẹ̀, síbẹ̀ tí ohun kan wà tí gbogbo wọn jọ fẹnu kò lé lórí tí baálé kankan kò lè dá yí padà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò ní ìwé òfin ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tó máa ní wọn ò ní òfin ìpìlẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Dieter Grimm, tí òun náà kọ́ni ní Humboldt, tó sì jẹ́ adájọ́ ní ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ Jámánì láti 1987 sí 1999, kò gbà bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ni pé àwọn ará ìlú ló ń fún ara wọn ní òfin ìpìlẹ̀. Àwọn ìjọba ló kọ àdéhùn Yúróòpù, àwọn ìjọba náà ló sì lè tún un kọ. Ó tún béèrè pé níbo ni àwọn ará Yúróòpù ti ń jùmọ̀ sọ̀rọ̀ ìlú, nígbà tí èdè wọn kò pa pọ̀, tí ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kà kò sì pa pọ̀. Jürgen Habermas, onímọ̀ ìjìnlẹ̀, dá a lóhùn pé bí wọ́n bá jókòó kọ òfin ìpìlẹ̀ pa pọ̀, tí wọ́n sì jọ jiyàn lé e lórí, ìyẹn gan-an ló máa sọ wọ́n di ará ìlú kan náà. Ìjiyàn yẹn ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, orí rẹ̀ ni ẹjọ́ gbogbo tó kù dúró lé.

Báwo ni bíìlì iná mànàmáná ṣe dá ìlànà pé òfin Yúróòpù ló borí sílẹ̀?

Ìtàn yìí yẹ kéèyàn fara balẹ̀ sọ ọ́. Ní ọdún 1962, ìjọba Ítálì gba àwọn iléeṣẹ́ iná mànàmáná aládàáni, ó sì dà wọ́n pọ̀ di iléeṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n pè ní ENEL. Lọ́yà kan wà ní Milan tó ń jẹ́ Flaminio Costa, tó ní ìpín nínú iléeṣẹ́ Edisonvolta, ọ̀kan lára àwọn tí ìjọba gbà. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Nígbà tí bíìlì iná dé sílé rẹ̀, líírà 1,925, owó táṣẹ́rẹ́, Costa ní òun ò san án. Ó ní bí ìjọba ṣe gba iléeṣẹ́ náà lòdì sí àdéhùn tí Ítálì fọwọ́ sí ní Róòmù ní ọdún 1957.

Ìjọba Ítálì ní ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Òfin lásán ni wọ́n fi sọ àdéhùn 1957 di ti Ítálì, òfin lásán náà sì ni òfin 1962. Bí òfin méjì bá tako ara wọn, èyí tó dé kẹ́yìn ló borí. Ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ Ítálì gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé ní oṣù Kẹta ọdún 1964. Ṣùgbọ́n adájọ́ kékeré tó ń gbọ́ ẹjọ́ Costa ní Milan, irú èyí tó ń parí ìjà owó kéékèèké, ti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ Luxembourg.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1964, èsì dé. Luxembourg ní nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, wọ́n fi díẹ̀ lára àṣẹ wọn sílẹ̀ fún un, wọn kò sì lè fi òfin tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà gbà á padà lọ́nà ẹ̀bùrú. Tí olúkúlùkù bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, òfin á máa jẹ́ ọ̀tọ̀ ní Róòmù, á máa jẹ́ ọ̀tọ̀ ní Paris. Kò sí orílẹ̀-èdè tó dìbò lé gbólóhùn yìí lórí. Ilé ẹjọ́ ló sọ ọ́, àwọn ilé ẹjọ́ yòókù sì ń tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà tí adájọ́ Milan yẹn gbà béèrè ọ̀rọ̀ ṣì wà di òní, abala 267 nínú àdéhùn ló gbé e dúró. Adájọ́ èyíkéyìí ní orílẹ̀-èdè èyíkéyìí nínú EU lè dá ẹjọ́ dúró, kó kọ̀wé sí Luxembourg, kó béèrè ìtumọ̀ òfin Yúróòpù. Luxembourg á fèsì, adájọ́ náà á wá fi èsì náà parí ẹjọ́ rẹ̀. Luxembourg kò ní ọlọ́pàá tó lè rán sí ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ àwọn adájọ́ orílẹ̀-èdè ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi máa ń di wàhálà ńlá nígbà tí ilé ẹjọ́ àgbà kan bá ní òun kò tẹ̀ lé e.

Kí ló dé tí Jámánì, ọmọ àgbà nínú EU, fi ń bá Luxembourg fà á?

Ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ Jámánì wà ní ìlú Karlsruhe. Adájọ́ mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀, aṣọ pupa ni wọ́n ń wọ̀ jókòó. Òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́, ọdún 1949 ni wọ́n kọ ọ́, nígbà tí gbogbo ìlú ṣì wà nínú àlàpà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ iyì ọmọnìyàn lójú. Wọ́n tún kọ ọ́ sí abala 79 pé àwọn ohun kan wà tí ilé aṣòfin kò lè yí padà láéláé, ì báà jẹ́ gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i. Hitler gba ọ̀nà òfin wọlé, àwọn tó kọ ìwé yìí sì pinnu pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Luxembourg ní òfin òun borí, Karlsruhe béèrè pé: ṣé ó borí iyì ọmọnìyàn náà ni? Ní ọdún 1974, ó ní níwọ̀n bí Yúróòpù kò bá tíì ní ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó dọ́gba pẹ̀lú ti Jámánì, òun á máa yẹ òfin rẹ̀ wò. Luxembourg tẹra mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, nígbà tó sì di 1986, Karlsruhe ní níwọ̀n bí ó ṣe ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ báyìí, òun á jáwọ́. Tìjà tìjà ni ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn fi wọ inú òfin Yúróòpù. Àwọn tó gbà pé ìjà yìí wúlò máa ń tọ́ka sí ọdún méjì yìí, ẹ̀rí wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní 1993 àti 2009, Karlsruhe fi nǹkan méjì kún un. Ó ní tí Yúróòpù bá ṣe ohun tí wọn kò fún un láṣẹ láti ṣe, ìyẹn kò ní múlẹ̀ ní Jámánì. Ó tún ní òun kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohun tí abala 79 dáàbò bò.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ìhàlẹ̀ yìí fi wà lẹ́nu láìsí pé ó ṣẹ. Ó wá ṣẹ ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Báńkì àpapọ̀ Yúróòpù ti ń ra bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè, àwọn ìjọba láti oṣù Kẹta ọdún 2015, owó tó ná lé e sì ti ju tírílíọ̀nù méjì Yúrò lọ. Àwọn ará Jámánì kan, tí olóṣèlú Peter Gauweiler wà lára wọn, ní báńkì náà ti kọjá ààlà iṣẹ́ rẹ̀. Karlsruhe béèrè lọ́wọ́ Luxembourg, Luxembourg ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Karlsruhe kò gbà. Adájọ́ méje sí ẹyọ kan ló ní báńkì náà kò fi hàn pé òun wo ìpalára tí ètò náà lè ṣe fún owó tí èèyàn tọ́jú pa mọ́, fún owó ilé, fún owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ní ìdájọ́ Luxembourg pàápàá kò bọ́gbọ́n mu, pé kò sì de Jámánì. Wọ́n fún báńkì náà ní oṣù mẹ́ta láti ṣàlàyé ara rẹ̀.

Àlàyé dé, ilé aṣòfin Jámánì ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn, ètò báńkì náà sì ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, Kọmíṣọ̀n Yúróòpù, tí ọmọ Jámánì, Ursula von der Leyen, jẹ́ ààrẹ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ òfin lórí Jámánì. Ìjọba Jámánì kọ̀wé pé àwọn gbà pé òfin Yúróòpù ló borí, Kọmíṣọ̀n sì pa fáìlì náà dé ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà. Àwọn tó ń ṣàríwísí béèrè pé báwo ni ìjọba ṣe lè ṣèlérí lórúkọ adájọ́ tí kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn wà nílẹ̀ síbẹ̀.

Ṣé ohun kan náà ni Póláǹdì ṣe?

Àwọn olóṣèlú Póláǹdì ní ohun kan náà ni. Abala 8 nínú òfin ìpìlẹ̀ wọn sọ pé òun ni òfin tó ga jù ní ilẹ̀ náà, wọ́n sì béèrè pé kí ló dé tí ohun tí Jámánì ṣe kò fi di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá àfìgbà tí àwọn ṣe é. Ẹgbẹ́ òṣèlú PiS gbàjọba ní ọdún 2015, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ètò àwọn adájọ́ tò. Luxembourg ní àtúntò náà kò jẹ́ kí adájọ́ dá dúró. Olórí ìjọba, Mateusz Morawiecki, gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà, tó wá sọ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2021 pé àwọn abala kan nínú àdéhùn EU, bí Luxembourg ṣe ń túmọ̀ wọn, tako òfin ìpìlẹ̀ Póláǹdì. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èrò kún ìgboro Warsaw àti àwọn ìlú mìíràn pẹ̀lú àsíá EU lọ́wọ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé orílẹ̀-èdè wọn ti fẹ́ jáde.

Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ ń tọ́ka sí nǹkan mẹ́ta. Karlsruhe tako ètò kan ṣoṣo ti báńkì, Warsaw tako abala inú àdéhùn fúnra rẹ̀. Karlsruhe kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Luxembourg, Warsaw kò béèrè. Ẹ̀kẹta ló le jù: àwọn adájọ́ kan tó wà lórí àga ní Warsaw, wọ́n fi wọ́n sípò àwọn tí ilé aṣòfin ti yàn tẹ́lẹ̀ lọ́nà tó bófin mu. Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Yúróòpù ní Strasbourg ti sọ ọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, nínú ẹjọ́ iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Xero Flor, pé ìjókòó tí irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà kì í ṣe ilé ẹjọ́ tí òfin gbé kalẹ̀.

Owó ló wá gba ẹnu ọ̀rọ̀. Láti òpin oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Luxembourg bu owó ìtanràn mílíọ̀nù kan Yúrò lé Póláǹdì lójúmọ́ torí ẹ̀ka ilé ẹjọ́ kan tó ń fìyà jẹ àwọn adájọ́. Póláǹdì kò san, Kọmíṣọ̀n sì ń yọ ọ́ lára owó tó tọ́ sí ilẹ̀ náà. Ìjọba yí padà ní òpin ọdún 2023, Donald Tusk wọlé, Kọmíṣọ̀n sì parí ìgbésẹ̀ tó gbé lòdì sí Póláǹdì lábẹ́ abala 7 àdéhùn EU, èyí tó wà fún orílẹ̀-èdè tó bá tako ìlànà ẹgbẹ́ náà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Àwọn adájọ́ tí wọ́n yàn nígbà ìjọba tó lọ kò tìtorí ìyẹn kúrò.

Fún àwọn ará yunifásítì, ti Hungary ló kàn wọ́n lára jù. Ní ọdún 2017, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin tó mú kó ṣòro fún Central European University láti máa fún èèyàn ní oyè Amẹ́ríkà ní Budapest. Yunifásítì náà kó lọ sí Vienna ní ọdún 2019. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Luxembourg ní òfin náà tako òfin Yúróòpù. Ìdájọ́ dára, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ. Ó dùn mí láti kọ gbólóhùn yẹn.

Luxembourg àti Strasbourg, ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá o. Luxembourg ni ilé ẹjọ́ EU wà, ó sì kan orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó wà nínú EU. Strasbourg ni ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Yúróòpù wà, ti Council of Europe, àjọ tó jẹ́ ọ̀tọ̀ tó sì ní orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ó ṣì wà lábẹ́ ti èkejì.

Kí ló kan ọmọ Yorùbá níbẹ̀?

Ẹni tó bá ti bá àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dublin sọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú á ti gbọ́ orúkọ Zambrano. Ìdájọ́ Luxembourg ni, ti ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2011. Tọkọtaya ọmọ Colombia kan bí ọmọ sí Belgium, àwọn ọmọ náà di ọmọ onílùú, ìjọba ibẹ̀ sì fẹ́ lé àwọn òbí. Luxembourg ní tí lílé òbí bá máa mú kí ọmọ tó jẹ́ ọmọ onílùú Yúróòpù fi gbogbo ilẹ̀ EU sílẹ̀, wọn kò lè lé e, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ọmọ Nàìjíríà ló gbé ìwé ìdájọ́ yìí dání lọ síwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìwé ìgbélùú. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò nínú EU ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2020, ọ̀nà náà há níbẹ̀, ẹjọ́ obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan lórí rẹ̀ sì dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ọdún 2022. Ní Ireland, tó ṣì wà nínú EU, ẹ̀tọ́ náà wà síbẹ̀. Tí ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá lè kọ ìdájọ́ Luxembourg tó bá wù ú, irú ẹ̀tọ́ báyìí ló máa kọ́kọ́ fara gbá a.

Nílé, Nàìjíríà ti dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà tirẹ̀. Abala kìíní òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ní òun ló ga jù, abala 12 sì ní àdéhùn ilẹ̀ òkèèrè kò di òfin àfi tí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Nínú ẹjọ́ Gani Fawehinmi àti Abacha, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ọdún 2000 gbà pé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà ti sọ di òfin, lágbára ju òfin lásán lọ, ṣùgbọ́n kò ga ju òfin ìpìlẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ yẹn ti mọ ìdajì ohun tí Karlsruhe ń wí.

Ṣé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan?

Ìjọba Berlin ló ń gbé Yunifásítì Humboldt dúró lówó, ṣùgbọ́n abala 5 òfin ìpìlẹ̀ Jámánì fún ìwádìí àti ẹ̀kọ́ ní òmìnira. Ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀ ni bí kíláàsì àti ilé ẹjọ́ ṣe wọnú ara wọn. Òfin Jámánì gbà kí ọ̀jọ̀gbọ́n òfin gba ẹjọ́ rò ní Karlsruhe bíi lọ́yà. Ọ̀pọ̀ lára àwọn adájọ́ ibẹ̀, kíláàsì ni wọ́n ti wá. Grimm jáde láti ibẹ̀ wá kọ́ni ní Humboldt, Susanne Baer ti Humboldt sì jókòó níbẹ̀ láti 2011 sí 2023. Andreas Voßkuhle, tó jẹ́ ààrẹ ilé ẹjọ́ náà nígbà ìdájọ́ 2020, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Freiburg ni. Koen Lenaerts, ààrẹ ilé ẹjọ́ Luxembourg láti 2015, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Leuven lòun náà. Ohun tí ẹnì kan kọ fún akẹ́kọ̀ọ́ lónìí lè di ìdájọ́ lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Ìdí nìyẹn tí yíyan adájọ́ fi di ogun. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2025, ó yẹ kí ilé aṣòfin Jámánì dìbò yan Ọ̀jọ̀gbọ́n Frauke Brosius-Gersdorf ti Yunifásítì Potsdam sí Karlsruhe. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ CDU àti CSU yarí, pàápàá nítorí ohun tó ti kọ lórí oyún ṣíṣẹ́, wọ́n sì yọ ìdìbò náà kúrò nínú ètò ọjọ́ náà. Ní oṣù Kẹjọ, ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó rí adájọ́ tuntun mẹ́ta yàn.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Jámánì ti wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Póláǹdì àti Hungary, ó sì kọ iye adájọ́ Karlsruhe àti ọdún méjìlá tí adájọ́ ń lò sínú òfin ìpìlẹ̀, kí ẹgbẹ́ òṣèlú kan má baà fi ìbò tó kàn ju ìdajì lọ yí i padà. Àmọ́ òfin pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí adájọ́ tó wọlé, wọn kò kọ ìyẹn sí i. Inú òfin lásán ló ṣì wà, ilé aṣòfin sì lè fi ìbò tó ju ìdajì lọ yọ ọ́ kúrò.